Ohun tí Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà



Lójú ìwé yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ títọ́, nípa oúnjẹ, nípa owó ilé àti nípa àlàáfíà láàárín tọkọtaya. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Inú ilé ni ọkọ̀ tí à ń wí yìí wà, owó ilé ni ó jẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé náà rú. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní ọdún 2022, a lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí ó ti ń gbé ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, ó ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ní, “Àbúrò, wọlé wá wo ọkọ̀ mi.” A wọlé, a wò yíká, a kò rí ọkọ̀. Ìkarahun irin pupa kan ni a rí lórí ìtì igi mẹ́rin: kò ní táyà, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ ní igun kan, wọ́n fi aṣọ àtijọ́ bò ó. Ilẹ̀kùn méjèèjì fara ti ògiri. Páálí lórí páálí, ó kún dé òkè àjà. Ẹ̀yìn wa ni a ti gbọ́ ohùn ìyàwó wa, aya ẹ̀gbọ́n wa yìí, tí ó ní, “Ṣé ẹ ti rí orogún mi? Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé nínú ilé yìí, kò lọ, kò bọ̀.” Àwa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. MG ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà méjèèjì yìí dúró fún Morris Garages, ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní ìlú Oxford. Lẹ́yìn tí Cecil Kimber di ọ̀gá ibẹ̀ ní ọdún 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara tuntun tí ó fúyẹ́ sí orí ọkọ̀ Morris lásán, kí ó lè sáré, kí ó sì dùn ún wò. Ní ọdún 1929, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Abingdon, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Oxford. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to èyí tí ẹ̀gbọ́n wa rà, MGB, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1962. Elẹ́ni méjì ni. Òrùlé aṣọ rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí oòrùn bá yọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lítà 1.8. Ọkọ̀ fàájì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti olówó ńlá nìkan. Nígbà tí wọ́n fi máa ti ilé iṣẹ́ Abingdon pa ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, iye MGB tí wọ́n ti ṣe ju 500,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ti ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà.

Nítorí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro láti rí rà títí di òní. Láti ọdún 1988, àwọn British Motor Heritage tilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ odindi ìkarahun rẹ̀ ní tuntun, pẹ̀lú àwọn irin ìtẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ bàbá ilé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń rà á ní àlòkù, tí wọ́n á tú u palẹ̀ nínú gáráàjì ilé wọn, tí wọ́n á sì máa tún un tò ní Sátidé Sátidé. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu ti ń ṣe fún Peugeot 404 àti 504 láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n lè jẹun, àwọn wọ̀nyí ń ṣe é kí inú wọn lè dùn.

Títú palẹ̀ kò ṣòro. Sátidé mẹ́ta péré ni ẹ̀gbọ́n wa fi tú ọkọ̀ náà ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó rò pé òun yóò rántí. Ó da gbogbo bóòtù sínú agolo mílíìkì mẹ́rin, ó so wáyà pọ̀ bí ìdì ewédú, ó sì lọ sùn. Nígbà tí ó padà dé ìdí iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò mọ èyí tí ó ti ibi kan wá mọ́. Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ èyí: ohun tí ẹ bá tú, ẹ kó o sínú àpò kékeré tirẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ ya àwòrán ibi tí ó ti kúrò. Ìṣẹ́jú méjì tí ẹ lò níbẹ̀ yóò gba ọjọ́ méjì padà fún yín.

Àwa náà bọ́ agbádá, a bá a ṣa bóòtù. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò fi mílímítà wọn nǹkan. Íǹṣì ni wọ́n ń lò. Bóòtù tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó ààbọ̀ íǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7. Bí ẹ bá fi sípánà 13 sí i, yóò dà bí ẹni pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n bí bóòtù náà bá le, sípánà yóò yọ̀, yóò sì họ igun bóòtù náà dànù. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé, tí a ti gbà pé gbogbo ayé ni ó ń fi mílímítà wọn nǹkan, awọ ìka wa ni a fi sanwó ẹ̀kọ́ náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ní ṣáásì: irin méjì tí ó nípọn, tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé. MGB kò ní ṣáásì lọ́tọ̀. Páànù ara rẹ̀ tí a jó pọ̀ mọ́ra ni ó ń gbé e ró. Níwọ̀n bí kò sì ti ní òrùlé irin tí yóò fà á mọ́ra lókè, agbára rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, nínú irin gígùn méjì tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èyí ni àwọn tólìyé wa ń pè ní bas de caisse. Ó ní ihò nínú bí ọparun, páànù mélòó kan ni a sì jó pọ̀ láti ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà fẹ́ràn. Táyà iwájú a máa ta ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ náà a sì jókòó sí kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó. Ní ìgbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀ kí yìnyín má bàa mú ọkọ̀ yọ̀. Ẹrẹ̀, omi àti iyọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ọ̀sà mọ ohun tí ó ń ṣe irin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n wa mú òòfà kékeré kan, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí ó má bàa ha ọ̀dà. Ó gbé e lé ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ó gbé e lé bas de caisse, ó jábọ́. Ó sún un síwájú díẹ̀, ó tún jábọ́. Ó ti orí skrú-díráfà bọ ibẹ̀, ó wọlé láìjà. Ohun tí ó tú jáde kì í ṣe irin. Mástíkì gbígbẹ ni, bí ẹ̀kọ tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, àti ìwé ìròyìn tí wọ́n ká pọ̀ tí wọ́n kì sínú ihò kí mástíkì lè rí ibi dúró lé. Ẹni tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe kí ẹ̀gbọ́n wa tó rà á ti kọ ọ́ sínú ìwé owó pé òun ti pààrọ̀ irin náà sí tuntun. Irọ́ ni. Ó dí ihò, ó yọ́ ọ, ó kun ún ní pupa, ó gba owó.

Ẹ̀gbọ́n wa jókòó lé ilẹ̀ gáráàjì, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé, “Ìwọ náà fi mástíkì dí i. Tò ó pọ̀, kùn ún, tà á. Ẹni tí yóò rà á kò ní tú u wò.” Òfin ìlú náà tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí a kò sì yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà, kò pọn dandan kí ó lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́. Lóòótọ́, òfin ṣì ní kí ẹni tí ó ni ín rí i dájú pé ó yẹ fún ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wò ó? Ti ẹ̀gbọ́n wa yìí, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Kò sí ojú kankan tí yóò wo abẹ́ rẹ̀, àfi ojú ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Ó ti ná owó púpọ̀. Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ni ó ń rò láti ṣe fún ẹlòmíràn. Mélòó nínú wa ni irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kò tíì bẹ̀ wò rí, ì báà ṣe lórí ọkọ̀, lórí ilẹ̀, tàbí lórí àpò àgbàdo tí kòkòrò ti wọ̀?

Ìyàwó wa ni ó dáhùn. A rò pé yóò bínú nítorí owó. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ọmọ ta ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà? Bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé mástíkì ni yóò dá a dúró?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá lọ sínú yàrá, ó mú àpòòwé kan jáde, ó kó àwọn ìwé owó ohun èlò ọkọ̀ sórí tábìlì, èyí tí ẹ̀gbọ́n wa ti ń tọ́jú pamọ́ fún un láti ọdún yìí wá. Ó ti rí wọn tipẹ́. Ó ní, “Èyí náà, mástíkì ni. Mo mọ̀ pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún mi.”

Kò pariwo. Ìbá ti pariwo, ìbá ti sàn fún ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà níbẹ̀, ó ń wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni òun rò, ó ní, “Bàbá, Sátidé ni mo máa ń gba bọ́ọ̀lù. Ẹ kò tíì wá wò mí rí ní ọdún yìí.”

Wọ́n fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta kí a tó dìde. Èkíní, ìwé kan yóò wà lórí tábìlì ilé ìdáná, gbogbo owó tí ó bá bá ọkọ̀ lọ ni wọn yóò kọ síbẹ̀, tọkọtaya ni yóò sì fọwọ́ sí iye tí oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá. Èkejì, Sátidé méjì nínú oṣù jẹ́ ti ọkọ̀, ìyókù jẹ́ ti ilé àti ti bọ́ọ̀lù ọmọ. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó bá ti jẹrà, gígé ni wọn yóò gé e, ẹnìkan kò ní bo ó mọ́lẹ̀. Bí owó kò bá tó, wọn yóò ta á bí ó ti wà, pẹ̀lú ihò rẹ̀ ní gbangba.

Bí a ṣe ń gé irú irin bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Ẹni tí ó bá kàn gbé ayùn lé e yóò ba ọkọ̀ jẹ́ pátápátá, nítorí bí ìdajì agbára rẹ̀ bá kúrò, ọkọ̀ yóò tẹ̀ láàárín bí àga gígùn tí ìdílé ńlá jókòó lé. Nítorí náà, a kọ́kọ́ gbé e ró dọ́gba lókè ilẹ̀, a sì jó irin agbélébùú sí ojú ilẹ̀kùn méjèèjì kí ààyè wọn má bàa fún. Lẹ́yìn èyí ni a ó gé apá kan, a ó jó tuntun sí i, a ó wọn ojú ilẹ̀kùn, kí a tó fọwọ́ kan apá kejì. Ẹ̀gbọ́n wa kò mọ irin í jó. Kò fi ìtìjú pa á mọ́. Ó lọ bá àgbàlagbà ajórin kan ní àdúgbò, ó san owó ẹ̀kọ́ fún un, ó ń fi àjákù páànù kọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó gbé iná sún mọ́ ọkọ̀. Nígbà yẹn, àwa ti padà sí ilé.

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Ọdún 2024 ni a tún padà dé ibẹ̀. Bas de caisse méjèèjì ti di tuntun. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a ti ilẹ̀kùn. A fi ìka kan tì í, ó pa dé pẹ́ẹ́, kò họ ibì kankan. Wọ́n ti mú orí ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹni tí ń gbẹ́ irin, ó ti fi irin líle sí ibi tí àwọn fáàfù ń jókòó sí, nítorí epo tí ó ní òjé ti kúrò ní ọjà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, òjé náà ni ó sì máa ń dáàbò bo ibẹ̀ láyé àtijọ́. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo òde òní a máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Ní ti iná ọkọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ìdọ̀tí ni ó pọ̀ jù nínú àìsàn rẹ̀: ibi tí wáyà ti pàdé irin ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Wọ́n ha á títí ó fi dán, wọ́n dì í le, iná tàn.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti kàbùrétọ̀. Méjì ni ọkọ̀ náà ní, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì máa fa èémí dọ́gba. Ọmọ ilé, tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi orí rẹ̀ kan sí etí ara rẹ̀, ó na èkejì sí ẹnu kàbùrétọ̀ àkọ́kọ́, ó gbọ́ bí ó ti ń mí, ó tún na án sí èkejì. Bàbá rẹ̀ di skrú mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ó kù díẹ̀. Ó tún kù. Ó tó, Bàbá, ẹ dúró.” Bàbá sì dúró. A kò tíì rí i rí kí bàbá àti ọmọkùnrin tí ó wà ní irú ọjọ́ orí yẹn gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò tíì ní ọ̀dà. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, nítorí owó ọ̀dà kò tíì wọ inú ìwé orí tábìlì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyàwó wa jókòó sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé, a bi í léèrè pé orogún rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, “Ó ń gbìyànjú. Mo ti mọ ohun tí ó ń jẹ lóṣù báyìí.”

Ẹ̀yin ìdílé wa, ìmọ̀ràn díẹ̀ kí a tó sinmi. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ra ọkọ̀ àlòkù tí ó gba èbúté Kútọnù wọlé. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sí ọjà. Ẹ wé e ní aṣọ, ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ gbé e lé bas de caisse. Àwọn ọkọ̀ òde òní kan ní ẹ̀yà oníke, òòfà kì í mú ìyẹn, ṣùgbọ́n níbi tí ó bá yẹ kí irin wà, kí ó mú un. Ẹ gbé aṣọ ilẹ̀ inú ọkọ̀ sókè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ààyè tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀: bí ó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tí ó fún níbì kan, ẹ bi oníṣòwò léèrè ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń sọ fún yín nípa dídán ọ̀dà nìkan, ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá sì délé, tí ìwé owó kan wà tí ẹ ti ń tọ́jú pamọ́ fún ọkọ tàbí aya yín, ẹ gbé e sórí tábìlì lálẹ́ òní. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rí i tipẹ́.

Ó dìgbà kan ná.